Ìyá mi fẹ́ rí àbùùbùtán kó tó pé ẹni ọdún 75. Ta ló ti lọ rí?

Ìyá Tòmíwá, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà níwájú mi tó jọ ẹ̀rín, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Ìyá mi ló ní òun fẹ́ lọ wo àbùùbùtán, ẹranko ńlá inú òkun tí òyìnbó ń pè ní whale.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà. Lọ́dún tó kọjá ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp: ohun dúdú kan yọ láti inú òkun, ó tóbi ju ilé lọ, ó nà sókè, ó sì fi gbogbo ara lu omi, gbòà! Màmá wo fídíò yẹn títí bátìrì fi kú. Láti ọjọ́ náà, gbogbo oníbàárà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù léèsì mi l'Òkè-Àjẹ, kí wọ́n tó béèrè iye aṣọ ni Màmá ti gbé fóònù sí wọn lójú. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí pásítọ̀ wàásù lórí Jónà, a ń bọ̀ nílé, ó ní, "Ìwọ, ṣé o ò lè mú mi lọ wo ẹja tó gbé wòlíì mì ni?" Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Àṣé ó ti ń dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni ọdún 74 ni. Ara rẹ̀ le, àmọ́ orúnkún ọ̀tún ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tó wọ̀ láyé rẹ̀ ni èyí tó gbé e lọ sí ìgbéyàwó kan ní Ìwópin nígbà ọmọge, ó sì ń sọ ọ́ títí dòní bí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú. Àbúrò mi ní ká wá lẹ́yìn Iléyá, bí Ojúde Ọba bá ti parí, pé ìgbà òtútù wọn nìyẹn, ìgbà náà sì ni àwọn ẹranko yìí máa ń wá. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì lọ wò wọ́n o! Ọdún mẹ́rin tó ti wà níbẹ̀, iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ni. Ẹnì kan ló fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí òun náà.

Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè dúró sórí ilẹ̀ rí i, àbí dandan ni ká wọ ọkọ̀? Báwo ni òtútù yẹn ṣe le tó fún àgbàlagbà? Màmá tún ní òun fẹ́ rí séálì. Ó kà á nínú Bíbélì pé awọ séálì wà lára ohun tí wọ́n fi bo àgọ́ àjọ nígbà Mósè, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un bí séálì ṣe rí, títí kan pásítọ̀. Ẹni tó bá ti lọ, ẹ bá mi sọ òótọ́. N kò fẹ́ kó owó àjọ ìyá mi lọ fi omi lásán hàn án.

Ṣọlá Ṣàgámù

Ìjẹ̀bú! Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn ń fi owó àjọ ra aṣọ Ojúde Ọba, Màmá ń fi tiwọn lọ kí ẹja nílé. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ ṣáà mú gàrí dání.

Tíṣà Ìpẹru ló máa dáhùn èyí, wọ́n ti lọ. Ní ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa, wọ́n fi ìtàn náà dá wa jókòó títí ìrẹsì fi tutù.

Tíṣà Ìpẹru

Ṣọlá, mo rí ọ. Ìwọ tí o gba 11 nínú 40 lórí ẹranko afọ́mọlọ́mú, o ti wá dẹni tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Ìyá Tòmíwá, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Mo ti lọ lóòótọ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́hùn-ún ló bímọ, a lọ bá wọn kó ọmọ jáde, mo wá ní n kò ní padà sí Ìpẹru láì dé Hermanus, ìlú etíkun tí wọ́n ti ń wo àbùùbùtán. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Bàólọ́jì. Lọ́dọọdún ni mo ń kọ ọ́ sójú pátákó pé àbùùbùtán kì í ṣe ẹja: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ló ń mí, ọmú ló ń fún ọmọ rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ ọ́ kò rí ìrù rẹ̀ rí. Àwòrán inú ìwé kan tí yíǹkì ti dà sí ni mo ń yà fún wọn, ohun tí mo sì ń yà jọ ẹja àrọ̀ tó sanra.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti àsìkò, torí àbúrò yín fẹ́ ṣì yín lọ́nà díẹ̀. Ìgbà òtútù wọn kì í ṣe oṣù Kérésì bíi ti Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Láti oṣù kẹfà ni àbùùbùtán ti ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í tíì pọ̀. Bí ẹ bá lọ ní kété tí ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ lè rí ẹyọ kan, ẹ sì lè wo omi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá ni wọ́n pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí Agẹmọ lọ, kí òjò sinmi díẹ̀, kí ẹ tó gbéra. Òtútù á ṣì wà níbẹ̀, ẹ má ṣe ìyọnu.

Láti Cape Town sí Hermanus tó kìlómítà 120, bí ìgbà tí èèyàn ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó, láìsí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger.

N ó wá sọ ìtìjú mi. Lọ́jọ́ kìíní, ìkánjú ló mú mi sanwó ọkọ̀ ojú omi. Òfin wọn ni pé ọkọ̀ tó bá ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè sún mọ́ àbùùbùtán dé mítà 50, ọkọ̀ yòókù gbọ́dọ̀ jìnnà ní mítà 300. Mo rò ó pé mítà 50, ẹnu ọ̀nà mi sí kànga ni. Mo jẹ ẹyin àti búrẹ́dì, mo wọlé. Òkun ọjọ́ yẹn ń ru. Ọkọ̀ gbé wa sókè, ó sọ̀ wá kalẹ̀, ó yí wa sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bi ẹyin, mo bi búrẹ́dì, mo bi ohun tí n kò rántí pé mo jẹ. Nígbà tí wọ́n pariwo pé òun nìyẹn, orí mi wà nínú báàgì. Ìyàwó mi ní ẹ̀yìn dúdú kan ni òun rí, bí orí àpáta tí omi ń bò mọ́lẹ̀, kò sì tún yọ mọ́. N kò ní dárúkọ ọlọ́kọ̀. Ẹranko kì í ṣe ẹrú wọn tí wọ́n máa pè kó wá.

Lọ́jọ́ kejì ni mo gbọ́n. Ohun tí Hermanus fi dáa ni pé orí ilẹ̀ lèèyàn ti ń rí wọn. Omi jìn lẹ́sẹ̀ àpáta níbẹ̀, àbùùbùtán lè sún mọ́ etí ilẹ̀ gan-an. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tọ etí àpáta náà lọ, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 12, bẹ́ǹṣì wà káàkiri rẹ̀. Ẹ̀bá èbúté àtijọ́ wọn ni kí ẹ mú Màmá lọ, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìrìn tàn yín. Ìlú náà tún ní olùkéde àbùùbùtán tirẹ̀, láti 1992 ni wọ́n ti ní i: ìwo tí wọ́n fi koríko òkun gbígbẹ ṣe ló ń fun, kí àwọn èèyàn lè mọ apá ibi tí ẹranko náà wà.

Mo jókòó láti aago mẹ́sàn-án. Wákàtí kan àti ààbọ̀, omi ni, ẹyẹ ni. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Fúùùù! Bí ìgbà tí wọ́n bá tú afẹ́fẹ́ táyà tírélà. Ihò imú méjì ló wà lórí rẹ̀, nítorí náà èémí rẹ̀ ya méjì bó ṣe ń tú sókè, bí igi kànnàkànnà ọmọdé. Orí ló kọ́kọ́ yọ. Dúdú ni, ṣùgbọ́n nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri bí èkúrú tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò. Awọ líle ni, àwọn kòkòrò kéékèèké bí iná orí ló ń gbé lórí rẹ̀ tí wọ́n mú un funfun. Ti ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Òun ni àwọn onímọ̀ fi ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń fi ilà ojú mọ ọmọ ilé ẹni láyé àtijọ́.

Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ń gun ẹ̀yìn ìyá, ó ń yọ̀ bọ́, ó tún ń gùn ún. Ìyá kò mira. Ìyàwó mi ní, "Wò ó, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pọn òun." Ìgbà tí ojú wa kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá ni ìyá náà fò. Ohun tó ju ìdajì ara rẹ̀ lọ jáde nínú omi, ó dúró lójú ọ̀run bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ó sì wó lulẹ̀. Omi ti tú ká tán kí ìró rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. N kò mọ ìgbà tí mo bọ́ fìlà. Ìyàwó mi ló bi mí pé ta ni mò ń kí.

Irú èyí ni wọ́n ń pè ní southern right whale. Ó lè gùn tó mítà 15, ẹ to danfo mẹ́ta tẹ̀léra. Ọmọ tuntun rẹ̀ ti tó mítà 5 sí 6. Òkun tútù nísàlẹ̀ ayé, níhà yìnyín, ni wọ́n ti ń jẹun. Bí àkókò ìbímọ bá tó, wọ́n á gòkè wá sínú omi tó rọ̀. Ìyá kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun ní gbogbo àsìkò tó ń tọ́mọ níbẹ̀, ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń yọ́ di wàrà. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló sábà ń bí ẹyọ kan. Orúkọ rẹ̀ yẹn, "èyí tó tọ́", àwọn apẹja àbùùbùtán ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: kò yára, ó máa ń wà nítòsí ilẹ̀, bí wọ́n bá sì pa á, kì í rì, òróró sì kún ara rẹ̀. Ohun tó dáa nípa rẹ̀ ni wọ́n fi pa á títí ó fi kù díẹ̀ kó run. Ọdún 1935 ni àwọn orílẹ̀-èdè fòfin de pípa rẹ̀, wọ́n sì ti ń pọ̀ sí i láti ìgbà náà.

Ti Jónà ńkọ́? Ọ̀kan yìí kò ní eyín. Nǹkan gígùn bí irun ìgbálẹ̀ ló kún ẹnu rẹ̀, ó fi ń sẹ́ àwọn ẹ̀dá wínníwínní bí edé kúrò nínú omi. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò lè gba èèyàn. Bíbélì Yorùbá fúnra rẹ̀, "ẹja ńlá" ló kọ, kò dárúkọ. Ẹ má sọ fún Màmá kí ẹ tó débẹ̀.

Adéọlá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú iṣẹ́, Sà. Mo kúnlẹ̀ kí yín, ṣùgbọ́n ẹ ti ba ọkọ̀ lórúkọ jẹ́ jù. Cape Town ni mò ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọ̀ ọ́. Kùtùkùtù ni kéèyàn lọ, kí afẹ́fẹ́ tó dìde. Kó jẹ nǹkan fúyẹ́, kì í ṣe ẹyin, Sà. Kó mu ata ilẹ̀, kó jókòó sí àárín ọkọ̀, kó gbójú lé ibi tí ọ̀run àti òkun ti pàdé. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, àbùùbùtán ló wá bá wa fúnra rẹ̀. Ó gba abẹ́ wa kọjá, òjìji rẹ̀ yọ lápá ọ̀tún nígbà tí ìrù ṣì wà lápá òsì. Ó mí sí wa lára. Òórùn yẹn kì í ṣe ohun tí mo lè kọ síbí.

Àmọ́ fún Màmá, pẹ̀lú orúnkún, Tíṣà ló gba ọ̀rọ̀ sọ. Orí bẹ́ǹṣì ni.

Ti séálì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Cape fur seal ni tibí. Ẹ kò ní náwó rárá bí ẹ bá lọ sí V&A Waterfront nínú ìlú. Wọ́n tẹ́ pákó sórí omi fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí bí ọlọ́dẹ tó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Bí ẹ bá fẹ́ rí ọ̀pọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ máa ń lọ láti Hout Bay sí erékùṣù Duiker, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ-bọ̀. Ẹ̀gbẹ̀rún àwọn séálì lórí àpáta kan! Ariwo wọn dà bí ti ewúrẹ́ àti ajá tó jọ ń jà, òórùn ibẹ̀ sì dà bí ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ tí yìnyín tán. Oṣù kọkànlá àti ìkejìlá ni wọ́n ń bí, nítorí náà ní oṣù kẹjọ àwọn ọmọ ti lè wẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn ṣeré lẹ́bàá ọkọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí àwọn apẹja ti ń yọ ìfun ẹja ní èbúté Hout Bay. Ọkùnrin kan ń fọ ẹja snoek, séálì kan gbé orí jáde lábẹ́ ibi tó dúró. Ojú rẹ̀ tóbi, ó ń tàn bí èso ìṣin. Irun imú rẹ̀ nà jáde bíi ti ológbò, omi ń kán lórí rẹ̀. Etí rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ, ó kákò. Apá rẹ̀ jọ àjẹ̀ ọkọ̀, ó fi gbé ara lé àtẹ̀gùn, ó ń wo ọ̀bẹ ọkùnrin náà lọ sókè, bọ̀ sísàlẹ̀, bí ajá ìdí iná. Obìnrin kan na ọmọ rẹ̀ sí i kí wọ́n lè ya fọ́tò. Apẹja yẹn kígbe tó fi jẹ́ pé gbogbo wa ló sá sẹ́yìn.

Ó tọ́ kó kígbe. Ní 2024 ni wọ́n rí i pé àrùn dìgbòlugi wà lára séálì lágbègbè yìí. Dìgbòlugi kan náà tí a mọ̀ mọ́ ajá. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fún un lóńjẹ, ẹ má jẹ́ kí Màmá pè é wá. Bó bá ṣèèṣì bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ oníṣègùn.

Ọmọ Òde-Omi

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ìjẹ̀bú kò ní òkun.

Ẹ wá sí Ogun Waterside. Apẹja ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí òjò bá ti ń parí lọ, wọ́n máa ń dé láti ojú òkun, wọ́n á ní àwọn rí erinmi òkun lónìí, bí wọ́n ṣe ń pe àbùùbùtán nìyẹn. Wọ́n á ní omi tú sókè lọ́ọ̀ọ́kán bí èéfín, gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n kó àwọ̀n kúrò lọ́nà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbìyànjú àtipa á. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé irú tí wọ́n ń pè ní humpback ni: apá rẹ̀ gùn tó ìdá mẹ́ta ara rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ní iké, akọ rẹ̀ sì máa ń kọrin lábẹ́ omi. Láti òkun yìnyín yẹn kan náà ni wọ́n ti ń gòkè wá sí apá tiwa, láti Gabon àti São Tomé títí dé Bẹ̀nẹ̀, láti bímọ. Ní Cotonou, àwọn èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ lọ wò wọ́n láàárín oṣù kẹjọ sí ìkọkànlá.

Etíkun tiwa ni kò gba ìwòran. Ìgbì le, kò sí àpáta tí èèyàn lè gùn, iyanrìn pẹrẹsẹ ni. Séálì ni n kò rí rí. Àmọ́ kí ẹ má baà sọ pé a ò ní nǹkan kan.

Tíṣà Ìpẹru

Ọmọ Òde-Omi, o gba máàkì kíkún. Ọdún 31 tí mo fi kọ́ni, n kò sọ ọ́ fún ọmọ kankan pé ó ń kọjá lẹ́bàá ilé wa. Ìwé tí mo ń lò kò sọ ọ́ fún mi.

Ìyá Tòmíwá

Ẹ ṣé púpọ̀, Tíṣà. Adéọlá, Ọlọ́run á tọ́jú rẹ níbẹ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétí Màmá, àyàfi ti Jónà. Wọ́n ní kí n béèrè aṣọ tí wọ́n máa wọ̀, pé ṣé òtútù náà tó ọyẹ́?

Tíṣà Ìpẹru

Ó ju ọyẹ́ lọ, torí ọyẹ́ gbẹ, òtútù tibẹ̀ lómi nínú. Ní àárọ̀ ó lè já sí dígírì 8 lórí Celsius, ní ọ̀sán ó lè gòkè dé 18, òjò sì lè dé láàárín méjèèjì. Súwẹ́tà méjì, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, bàtà tí kì í yọ̀, aṣọ òjò lórí gbogbo rẹ̀. Tìmùtìmù kékeré kan fún bẹ́ǹṣì, torí ó máa ń tutù bí omi àmù. Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì. Wọ́n á béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Físà náà ń gba àkókò, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ṣọlá Ṣàgámù

Tíṣà kò sọ̀rọ̀ gàrí.

Ìyá Tòmíwá

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti dé o! Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́, ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la wọlé. A gba ọ̀rọ̀ Tíṣà, ìparí oṣù kẹjọ la lọ. Wákàtí mẹ́fà láti Èkó sí Johannesburg, méjì míì sí Cape Town. Màmá kò sùn, wọ́n ń wo ìkùukùu.

Òjò ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Àbúrò mi wá mú wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Iziko nínú ìlú. Wọ́n so eegun àbùùbùtán kọ́ òkè níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti blue whale, ó lé ní mítà 20. Màmá jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbójú sókè, wọn ò sọ nǹkan kan títí mo fi rò pé òtútù ti mú wọn. Wọ́n ní kí n bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ léèrè pé eyín rẹ̀ dà. Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé pé kò ní. Màmá ní "Hẹn," wọn ò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ kìíní ní Hermanus, a kò rí nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò owó lọ́kàn. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bí aago mọ́kànlá, ìwo yẹn dún. Àwọn èèyàn ń sáré, Màmá kò lè sáré, wọ́n di apá mi mú, à ń lọ díẹ̀díẹ̀. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi bẹ́ǹṣì nígbà tí ìrù kan yọ láàárín omi, ó dúró gbọnrangandan. Kò wọlẹ̀ padà o! Ó kàn wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, bí ìgbà tí èèyàn dorí kodò tó na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Adéọlá tó wá bá wa lọ́jọ́ náà ní wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rì. Ó wá yọ lápá ọ̀dọ̀ wa, fúùùù, òun àti ọmọ.

Mo ti ní lọ́kàn pé Màmá máa kígbe tàbí kí wọ́n sunkún. Wọ́n tún gèlè ṣe lábẹ́ fìlà aṣọ òjò, wọ́n tẹ̀ síwájú títí dé ibi irin, wọ́n sì fi gbogbo ohùn kí i: "Ẹ kú ewu o! Ẹ kú ewu ọmọ!" Àwọn òyìnbó yíjú. Ọkùnrin kan béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi ohun tí wọ́n sọ, àbúrò mi kò lè dáhùn, ẹkún ti gbé òun náà. Ọdún mẹ́rin ló ti wà nítòsí ibẹ̀.

Séálì, Waterfront la ti rí i. Màmá wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ajá tí wọ́n kùn lépo lèyí. Bó bá jẹ́ awọ rẹ̀ ni wọ́n fi bo àgọ́ yẹn, Áárónì mà rí nǹkan." Wọn ò sún mọ́ ọn, Adéọlá ti fi dìgbòlugi kì wọ́n nílọ̀ dáadáa.

Ẹ̀yìn ìgbà tí a délé ni Màmá sọ èyí tó wà lọ́kàn wọn. Mo rò pé mo ti pa àṣírí Jónà mọ́. Wọ́n ní, "Èyí tí a lọ wò yẹn, kì í ṣe òun ló gbé wòlíì mì. Kò léyín, ìyá ọmọ ni, kò ráyè. Ẹlòmíì ni." Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àjọ mìíràn. Ọmọ Òde-Omi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n bi yín: èló ni wọ́n ń gbà láti Sẹ̀mẹ̀ dé Cotonou báyìí?